Ère Tó Ń Gbọ́ Ẹsẹ̀ Ọmọdé

Nígbà tí dókítà ojú ní Ìlọrin yẹ ìyá mi wò tán, ó fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un pé ojú òsì ti lọ, pé ọ̀tún náà ń lọ, àti pé oògùn tí òun ń kọ fún un kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ó kàn lè dá èyí tó kù dúró díẹ̀ ni. Ó ní bí nǹkan kan bá wà tó wù ú láti rí, kí ó má fi falẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ti ń ronú ohun tí yóò sọ. Mo rò pé yóò ní òun fẹ́ tún Mẹ́kà rí. Mo rò pé yóò ní kí a gbé òun lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà, kí òun lè rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá mi tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Mo fẹ́ wo àwọn ère Ẹ̀ṣíẹ́."

Ẹnu yà mí, nítorí pé ní Ẹ̀ṣíẹ́ gan-an ni wọ́n ti bí i. Àwọn òyìnbó ti ìlú òkèèrè wá wo àwọn ère òkúta wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ iléèwé ń kún inú bọ́ọ̀sì wá wò wọ́n. Èmi náà wò wọ́n nígbà tí mo wà ní girama, mo kọ àròkọ lé e, mo sì gba máàkì tó dáa. Ìyá mi tó mu omi ìlú náà dàgbà, tó lọ́kọ sí Òmù-Àrán tí kò jìnnà síbẹ̀, kò fi ojú kàn wọ́n rí. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mo sì kàn rò pé ohun tó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kò jọ ọ́ lójú. Mi ò bi í rí.

Inú ọkọ̀ ni mo ti wá bi í, bí a ṣe ń padà sí Òmù-Àrán. Ó ní, "Bàbá mi ló ní a ò gbọdọ̀ wò ó." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Bàbá ìyá mi kú kí wọ́n tó bí mi. Alùfáà ni. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìlọrin nígbà èwe rẹ̀ láti lọ kéwú, nígbà tó sì padà dé, ó mọ mọ́ṣáláṣí kékeré kan síwájú ilé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú lábẹ́ igi ọsàn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n nínú ilé tirẹ̀, bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ère ni ère ń jẹ́ lójú rẹ̀. Ọ̀nà odò tí wọ́n ń gbà lọ pọnmi sì kọjá lẹ́bàá ilé tí wọ́n kó àwọn ère náà sí, nítorí náà ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa kọjá. Ní àlọ, kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Ní àbọ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di ìkòkò mú lórí, kí wọ́n fi òsì bo ojú. Ìyá mi fi hàn mí nínú ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú wéré, bí ẹni pé àná ló ṣe é kẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

Kí ó má baà máa wù wọ́n láti yọjú, bàbá náà máa ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ wàláà wọn tán. Ó ní àwọn àjèjì tó wá láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta lórí ìjókòó. Àwọn kan mú idà dání, àwọn kan di irun wọn sókè gègèrè. Ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù àwọn yẹn. Ẹni tí wọn yóò bẹ̀rù ni kékeré kan tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí kò ga ju ọmọ tó ń rá lọ. Orí àpótí ló jókòó sí, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún. Imú rẹ̀ ti kán. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fín bí ìgbà tí èèrà tò. Ó tẹ orí sí apá òsì, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń kọjá. Wọ́n di irun rẹ̀ sẹ́yìn ní ìpele ìpele, ní ìsàlẹ̀ irun náà, níbi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ ọn. Ọmọ tó bá dúró wò, ó ní kékeré yẹn á gbọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́, á sì yí orí padà.

Ìyá mi ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún dáadáa nígbà tó ń sọ èyí, síbẹ̀ ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó dé ibi tí ère yí orí padà. Inú bí mi sí bàbá àgbà. Mo ní irú ọgbọ́n wo nìyẹn, kí èèyàn máa fi ìbẹ̀rù dí ọmọ lójú títí ọmọ náà fi darúgbó. Ìyá mi ní, "Má bú bàbá mi nínú ọkọ̀ tí mo wà."

Ọkọ mi ló sọ ọ́ di ìrìn àjò. Ìbàdàn ni à ń gbé, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, òun sì ń ṣe iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́lé, iṣẹ́ tí kò fún un láyè láti mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àwọn tó ń pàgọ́ sínú igbó lórí fóònù, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń jí gbọ́ ohùn ẹyẹ. Nígbà tí iléèwé gba ọlidé gígùn nínú oṣù kẹjọ, ó ra àgọ́ kan tó ní àwọ̀ ewé, ó ra fìtílà tí oòrùn ń ṣájì, ó ra àga tó ń ká, ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní a ó gba Ìlọrin, a ó lọ gbé Màmá ní Òmù-Àrán, a ó wo Ẹ̀ṣíẹ́, a ó sì sùn sínú igbó Ìgbómìnà lábẹ́ ìràwọ̀. Mo bi í bóyá ó rántí pé ìràwọ̀ kì í yọ nígbà òjò. Ọmọ wa obìnrin, tó ń lọ sí yunifásítì, ní kí n jẹ́ kí bàbá òun gbádùn ara rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ojú ọ̀nà yẹn dùn ún rìn nígbà òjò. Láti Ganmo, níbi tí àwọn òpó iná gìrìwò ti na ọwọ́ sókè ní pápá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lójú. A kọjá Ìdófìàn, a kọjá Àjàṣẹ́, iṣu ti ta lórí ebè, àgbàdo ti gbó, igi igbá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan sí àárín oko bí àgbàlagbà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ní Òrò a dúró ra àgbàdo yíyan àti wàrà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti lọlé, obìnrin tó ń yan àgbàdo ní àwọn olùkọ́ nìkan ló kù tí ń rà á, wọn kì í sì í ra ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ mi, tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olùkọ́, ra mẹ́wàá. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ jẹ mẹ́ta níbẹ̀.

Ìyá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Òmù-Àrán nígbà tí a dé. Ó wọ aṣọ àdìrẹ tuntun, ó fi ìborùn funfun bo orí, báàgì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀. Ọ̀nà tó fi ń ríran nígbà yẹn, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ sójú, tó ń ti inú ihò rẹ̀ wo ìta. Ohun tó bá wà láàárín, á rí i. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí. Ó fi ihò kékeré yẹn wo ọmọ wa láti òkè dé ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ní, "O ti rù. Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ ní yunifásítì?" Lẹ́yìn náà ó wo àgọ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó bi ọkọ mi bóyá ó ti pa á rí. Ọkọ mi ní rárá, ṣùgbọ́n òun ti wò ó dáadáa lórí fóònù.

Òjò ti ṣú bolẹ̀ nígbà tí a wọ Ẹ̀ṣíẹ́. Ilé ère nìkan ni ìyá mi fẹ́ lọ, kò tilẹ̀ fẹ́ kí a kọ́kọ́ yà ní ilé bàbá rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń súnmọ́ ọ̀hún, mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí báàgì, tó ń gòkè bọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ó fi ọwọ́ òsì mú un, ó dá a padà sórí báàgì. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọkùnrin tó ń mú àlejò yíká ilé ère gbà wá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Ó ń pe ìyá mi ní Àlájà, ó di apá rẹ̀ kan mú, ọmọ wa di èkejì. Ṣùgbọ́n iná ti lọ ní gbogbo ìlú láti àárọ̀, ìkùukùu sì ti bo ojú ọ̀run. Ní ojú tiwa, yàrá náà ṣókùnkùn díẹ̀ ni. A ń rí àwọn ère náà ní ìtòtò, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, wọ́n pọ̀ débi pé èèyàn á kọ́kọ́ fẹ́ kí wọn ná. Ní ojú ìyá mi, òkùnkùn biribiri ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí orí lọ, ó ń yí i bọ̀. Ọmọ wa tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kọ mànà sí ìyá mi lójú, ó fi ọwọ́ gbá a dànù. Ọmọ náà ní kí òun ya fọ́tò wọn, kí Màmá wò ó níta. Ìyá mi ní, "Ṣé fọ́tò ni bàbá mi ní kí n má wò?"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Àlájà. Fèrèsé tó wà lọ́hùn-ún kọjú sí ìlà-oòrùn. Bí oòrùn bá yọ láàárọ̀, inú ibí á mọ́ kedere." Gbogbo wa wo ojú ọ̀run tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Oòrùn kò tíì yọ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Mo mọ̀, ìyá mi náà sì mọ̀, pé ojú yẹn kò dúró dè wá. Ohun tó rí ní oṣù tó kọjá, kò rí i mọ́ ní oṣù yìí. Nígbà tí a jáde, àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo ń bá ọkọ mi jà lórí bó ṣe páàkì ọkọ̀.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló wà ní ilé bàbá wọn. Òun ni lèmámù mọ́ṣáláṣí kékeré tí bàbá wọn mọ. Ògiri amọ̀ àtijọ́ náà ṣì wà, ó nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé rẹ̀, páànù tuntun nìkan ni wọ́n fi bò ó. Mo fi ọwọ́ kan ògiri náà, mo rí ipa ìka ẹni tó rẹ́ ẹ. Ìyá mi ní ìka bàbá òun ni. Inú tó ń bí mi sí bàbá náà tutù díẹ̀ níbẹ̀.

Àgọ́ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi sọ pé inú igbó ni a fẹ́ sùn, àbúrò ìyá mi wò ó títí. Ó ní ojú ayé ti yàtọ̀, kò sẹ́ni tó ń sun igbó mọ́ nísinsìnyí tó bá fẹ́ padà wálé. Ọkọ mi ní ẹ̀yìnkùlé ńkọ́. Àbúrò ìyá mi ní bí àwọn ará àdúgbò bá rí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun nínú àgọ́ lẹ́yìn ilé tó ní yàrá, wọ́n á ní òun ló lé wọn síta. Ọ̀rọ̀ náà le. Ìyá mi ló là á. Ó ní, "Èmi náà á sùn nínú àgọ́. Mo sùn nínú rẹ̀ ní Mínà nígbà tí mo lọ Mẹ́kà, ẹnikẹ́ni kò sọ pé wọ́n lé mi nílé." Báyìí ni wọ́n fún wa ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gúáfà, pẹ̀lú ẹní, tìmùtìmù, àti àwo iyán tí a ò lè jẹ tán.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàgọ́. Ó gbé ọ̀pá yìí, ó gbé tọ̀hún, àgọ́ náà dìde, ó tún dojú bolẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo eré orí ìtàgé. Ó bi ìyá mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Mínà. Ìyá mi ní, "Ọkọ ọmọ mi, ó ti wà nílẹ̀ kí á tó dé." Nígbà tó dúró nígbẹ̀yìn, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ mi sì ń yí i ká tìgbéragatìgbéraga. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn gidi nígbà tí nǹkan kò bá lọ bó ṣe wò ó lórí fóònù.

Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́ ni àbúrò ìyá mi wá bá wa níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó ń ká, àga náà ń dún, kò sì gbára lé e. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹ̀gbọ́n òun yà ní ilé ère kó tó wá sílé.

Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí Bàbá sọ ni? Èmi ṣì ń fi ọwọ́ bo ojú tí mo bá ń kọjá níbẹ̀ lórí ọ̀kadà."

Ìyá mi ní, "Mi ò gbàgbé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ère tó tẹ orí yẹn, láti kékeré ni mo ti ń rí i lójú oorun. Òkùnkùn ń bọ̀ tí mi ò ní jáde kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kí èmi àti òun nìkan jọ wà níbẹ̀, kí n má mọ bó ṣe rí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ wa sún mọ́ ọn, ó gbé orí lé e léjìká. Àbúrò ìyá mi fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí. Ó ní òun kò lè gbàdúrà pé kí oòrùn yọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní, "Má gbàdúrà fún oòrùn. Gbàdúrà fún ojú mi."

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbàdúrà fún ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi Lárúbáwá ṣe é, ó fi Yorùbá ṣe é, ó sì parí rẹ̀ ní Ìgbómìnà tí àwọn méjèèjì jọ sọ dàgbà. A ṣe àmín, a sì lọ sùn.

Òjò kò rọ̀. Mo jí gbọ́ ohùn àbúrò ìyá mi tó ń pe ìrun àsúbàá nínú mọ́ṣáláṣí amọ̀ náà, nígbà tí mo sì jáde, ìyá mi ti ṣe àlùwàlá, ó jókòó sórí ẹní níwájú àgọ́, ó dojú kọ ìlà-oòrùn. Kò bi mí bí ojú ọ̀run ṣe rí. Ó ń dúró kí ó yọ sí inú ihò kékeré tirẹ̀. Ìrì bo gbogbo ewé gúáfà, èéfín ń yọ ní ilé ìdáná, ẹyẹ tí ọkọ mi fẹ́ gbọ́ ń ké lórí igi, ọkọ mi sì ń han-an-run. Ìgbà tó yá, ìlà pupa kan là lẹ́yìn òrùlé, ó fẹ̀, ó di ofeefee. Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Kò sọ pé òun ń bọ̀, a kàn rí i nínú ọkọ̀ ni. Nígbà tí a dé ilé ère, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Oòrùn ti wọlé lójú fèrèsé bí ọkùnrin náà ṣe sọ. Ó tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ láàárín yàrá, ó gun orí àwọn ère lọ. Mo ti wò wọ́n rí, mo ti kọ àròkọ lé e, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò rí nǹkankan. Mi ò rí sùúrù tó wà nínú irun wọn, bí ẹnì kan ṣe fi irin fín ìdì kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí i pé ojú wọn kò jọra, pé ọ̀kan ń gbéra ga, ó ti rẹ ọ̀kan, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó ṣe wọ́n. Mo dúró láàárín wọn, mo ń forí júbà fún àwọn ọlọ́nà yẹn, ẹni tó wù kí wọ́n jẹ́.

Ìyá mi kò yára. Ó ń fi ihò kékeré rẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé ojú láti orí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ó ń sọ ohun tó ń rí lábẹ́ ohùn: idà rèé, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rèé, ẹ ò rí irun ìyá yìí. Bó ṣe ń dé ìlà tó kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀. Ó wá dúró.

Ó wà níbẹ̀. Kékeré, ó jókòó sórí àpótí, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Imú rẹ̀ ti kán. Ilà fínfín wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tẹ orí sí apá òsì. Ọmọ wa di apá mi mú gírígírí. Ìyá mi dúró síwájú rẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́ pátápátá, ó ń wò ó. Ère náà kò yí orí padà. Ojú rẹ̀ kò burú rárá. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n ń sọ ìtàn fún, tí kò fẹ́ kí ìtàn náà tán.

Ìyá mi ní, "Àṣé kékeré bẹ́ẹ̀ ni ọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká ọmọ wa. Ọkùnrin tó ń mú wa yíká sún sẹ́yìn fún un. Ó dé ẹ̀yìn ère náà, ó tẹ̀ ba, ó gbé ojú ọ̀tún rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti inú wá, tí kò jọ ti arúgbó. Omi ń dà lójú rẹ̀ nígbà kan náà.

Ó ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀."

Mi ò tètè mọ ohun tó ń sọ. Ó ní kí n wá, kí n dúró síbi tí òun dúró sí. Mo tẹ̀ ba, mo rí irun tí wọ́n dì ní ìpele ìpele, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, kò tóbi ju èso ata lọ. Ìyá mi ní, "Ta ló lè rí ìyẹn láti ojú ọ̀nà? Ta ló lè rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn pàápàá? Bàbá mi wọ ibí. Ó dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ó tẹ̀ ba. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó kàn yọjú kò lè sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún wa." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àṣé ẹ ti wò ó. Ẹ wò ó, ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀."

Inú ìbá tún bí mi. Mo wá wo ojú ìyá mi, mi ò rí ìbínú kankan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó bá a níbi tí kò rò pé yóò wà. Ọkùnrin tó fi ìka ara rẹ̀ rẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí yẹn mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa nígbà tó bá rí i. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó wá fi ìbẹ̀rù wé e, ó fi fún wọn ní alaalẹ́. Mo rò pé ọ̀nà tó mọ̀ láti fi bá wọn pín in nìyẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Ìyá mi jáde lọ bá àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò jókòó. Ó ní, "Bàbá wò ó."

Àbúrò rẹ̀ dá tẹ̀sùbáà dúró. Ohùn ọmọdé ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ó tẹ orí lóòótọ́?"

"Ó tẹ orí."

"Ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀yìn ọrùn ńkọ́?"

"Wọlé lọ wò ó," ni ìyá mi wí. "Ojú tìrẹ ṣì dáa. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ló rán ọ."

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó ki tẹ̀sùbáà sí àpò. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin ilé ère fẹ́ sọ fún un pé kò pọn dandan, ọkọ mi sì mi orí sí i pé kó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ nínú ilé. Ìyá mi dúró dè é nínú oòrùn, ó ń fi ihò kékeré rẹ̀ wo bàtà náà.

Ọyẹ́ kò tíì lọ tán lọ́dún náà tí ojú kejì náà fi lọ. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn báyìí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Kánádà, ó fi ọwọ́ pa ojú wọn títí ó fi mọ èyí tó jọ òun. Nírọ̀lẹ́, wọ́n máa ń jókòó yí i ká, á sì máa sọ ti ère fún wọn: àpótí, orúnkún, imú tó kán, ilà tó fín bí ìgbà tí èèrà tò. Ohùn rẹ̀ kò rẹlẹ̀ mọ́ níbikíbi. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń sọ, kò fi ẹyọ kan kún un, àfi níparí. Á na ọwọ́ wá ojú ọmọ tó bá sún mọ́ ọn jù, á ṣí ọwọ́ ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, yálà ó bò ó tàbí kò bò ó, á ní, "Bàbá mi ní kí n má wò ó. Èmi ní kí o lọ wò ó. Bó o bá sì dé ọ̀hún, rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀."